Ohun tí ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé kọ́ mi létí adágún Ọ̀yán

Tí ẹnì kan bá bi mí pé ẹ̀kọ́ wo gan-an ni mo fi gba oyè ọ̀mọ̀wé, ẹni tó ń béèrè ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Bó bá jẹ́ ará yàrá àyẹ̀wò ni, màá ní ìmọ̀ kòkòrò ajọ̀fẹ́. Bó bá jẹ́ onímọ̀ àwùjọ, màá ní ìlera àwùjọ. Irọ́ ò sí nínú méjèèjì. Àìsàn tí mo ṣèwádìí lé lórí ni àtọ̀sí ajá, èyí tí ìwé àwọn oníṣègùn òyìnbó ń pè ní schistosomiasis, tí àwọn àgbà inú wọn tún ń pè ní bilharzia nítorí Theodor Bilharz, dókítà ará Jámánì tó rí aràn rẹ̀ nínú òkú tó ń yẹ̀ wò ní Cairo lọ́dún 1851. Àwọn abúlé apẹja tó wà létí adágún Ọ̀yán, lápá àríwá Abẹ́òkúta, ni mo ti ṣe iṣẹ́ náà.

Ọdún 1983 ni wọ́n ṣí ìsédò Ọ̀yán. Ó wà lára ibi tí Èkó àti Abẹ́òkúta ti ń rí omi mu, kò sì sẹ́ni tó lè ní kò wúlò. Ṣùgbọ́n odò tó ń ṣàn tẹ́lẹ̀ di omi tó dúró sójú kan, ewéko hù sí bèbè rẹ̀, ìgbín wẹ́wẹ́ inú omi tó ń jẹ́ Bulinus sì ríbi fi ṣelé. Bí àìsàn náà ṣe ń rìn kò le: ẹni tó ti ní in á tọ̀ sómi, ẹyin inú ìtọ̀ rẹ̀ á pa, ohun tó jáde nínú ẹyin á wọ inú ìgbín, á máa bí sí i níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìgbín á wá máa tú àwọn ọmọ rẹ̀ sómi lójoojúmọ́. Àwọn wọ̀nyí ló ń gba awọ ara wọlé. Kò dìgbà tí èèyàn bá mu omi náà. Kó ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ lásán ti tó. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí àpò ìtọ̀ ká ni aràn náà ń gbé, ibẹ̀ ló ń yé sí, ẹ̀jẹ̀ á sì máa bá ìtọ̀ jáde. Bó bá pẹ́ lára láìtọ́jú, ó lè di jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀.

Alábòójútó méjì ni wọ́n yàn fún mi. Ọ̀kan wà ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹranko, Bàbá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Èkejì wà ní ẹ̀ka ìmọ̀ àwùjọ, àwọn náà ni Màmá. Bí mo bá gbé iṣẹ́ dé iwájú Bàbá, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ẹyin mélòó lo rí?" Bí mo bá gbé e dé ọ̀dọ̀ Màmá, wọ́n á yọ awò ojú wọn, wọ́n á ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Ta ló jókòó tì í nígbà tó ń sọ ọ́?" Nígbà tó yá, ó di wàhálà. Bàbá fẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ ilé ìwé kí ìṣirò tó lè dúró. Màmá ní èèyàn bí ọgbọ̀n pọ̀ tó, pé bí mo bá ti ń gbọ́ ohun kan náà lẹ́nu wọn ṣáá, kí n káwọ́ dúró. Bàbá ní kí n kọ ọ́ pé "a rí i pé". Màmá ní "mo rí i pé" ló tọ́, torí ó yẹ kí ẹni tó ń kàwé mọ̀ pé èmi, obìnrin tó ti ìgboro wá, ni àwọn ará abúlé ń bá sọ̀rọ̀.

Ohun tó yọ mí ni pé mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jọ jókòó nínú ọ́fíìsì kan náà, mo kọ ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí sílẹ̀, wọ́n sì buwọ́ lù ú. Ojú ìwé kan péré ni. Ó sọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ ka orí wo, àti ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò borí níbi tí ohùn wọn ò bá ti ṣọ̀kan. Àìmọye ìgbà ni mo ti fa ìwé náà yọ. Tí ọmọ ìwé bá wá bá mi lónìí pé ẹ̀ka méjì ni àwọn alábòójútó òun ti wá, ìwé yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè, kí n tó béèrè àkòrí iṣẹ́.

Orílẹ̀-èdè wa ní ìlànà lórí ẹ̀tọ́ nínú ìwádìí ìlera láti 2007: kí ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ yẹ iṣẹ́ wò, kí ẹni tí a fẹ́ bá ṣe é sì yọ̀ǹda fúnra rẹ̀. Ìwé àṣẹ mi pé, òǹtẹ̀ wà lórí ẹ̀. Baálẹ̀ gbà á, wọ́n wò ó síwá sẹ́yìn, wọ́n ká a padà fún mi. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, dókítà. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ fi ìtọ̀ àwọn ọmọ wa ṣe?" Kí n tó lanu, bàbá arúgbó kan tí rédíò kì í kúrò létí ẹ̀ ti bọ́ sọ́rọ̀: "Àbí irú èyí tí wọ́n ṣe ní Kánò ni?"

Ọ̀rọ̀ bàbá yìí kì í ṣe àìmọ̀kan. Lọ́dún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa ọmọ ní Kánò, ilé iṣẹ́ apoògùn Pfizer fún 100 ọmọ ní oògùn tuntun kan tó ń jẹ́ Trovan, wọ́n sì fún 100 mìíràn ní oògùn tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ọmọ 11 kú nínú gbogbo wọn, àwọn òbí sì ní ẹnikẹ́ni ò ṣàlàyé fún àwọn pé wọ́n ń dán nǹkan wò ni. Ọ̀rọ̀ náà fà títí di 2009 kí ilé iṣẹ́ náà tó bá ìpínlẹ̀ Kánò yanjú ẹ̀ lórí mílíọ̀nù 75 dọ́là, láìgbà pé àwọn jẹ̀bi. Nínú kíláàsì, ìtàn ni wọ́n fi kọ́ wa. Lábẹ́ igi níwájú baálẹ̀, ìbéèrè tó ń retí èsì ni.

Màmá ní kí n má fi ẹnu dá wọn lóhùn. Nígbà tí a padà lọ, a gbé máíkíróskóòpù àti jẹnẹrétọ̀ kékeré kan lọ sínú kíláàsì ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wọn. Ìtọ̀ tí èèyàn bá tọ̀ láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán ni ẹyin máa ń pọ̀ nínú ẹ̀ jù, a sì ní kí àwọn ọmọ sáré yí pápá ká ná kí wọ́n tó gba ike. A ó ro ìtọ̀ náà pọ̀, a ó fi síríńjì fa mìlílítà 10, a ó tì í gba inú asẹ́ pélébé kan tí ihò rẹ̀ kéré ju ẹyin náà lọ, a ó gbé asẹ́ lé orí gíláàsì, a ó kán áyódíìnì sí i. Mo ní kí ẹni tó bá wù wá wò ó. Ìyá kan dí ojú kan, ó wò, ó dákẹ́, ó tún wò. Ẹyin aràn yìí rí gbọọrọ, ó sì ní ẹ̀gún ṣóńṣó kan nídìí. "Ó mà ní ẹ̀gún!" ni ìyá náà kígbe. "Abájọ tí ọmọ mi fi ń sọ pé ó ń gún òun." Látọjọ́ yẹn, àwọn ìyá fúnra wọn ló ń kó ọmọ wá. Ìwé ìyọ̀ǹda olójú ewé mẹ́rin tí mo tẹ̀ kò ṣe ìdajì iṣẹ́ tí ẹ̀gún yẹn ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ìgbìmọ̀ ń béèrè.

Gbogbo ẹni tí a rí ẹyin nínú ìtọ̀ rẹ̀ la fún ní praziquantel, oògùn tó ń pa aràn náà. Mìlígíráàmù 40 ló kan kílò kan, ṣùgbọ́n nínú oko, ọ̀pá la fi ń wọn gíga ọmọ. Wọ́n ti fàlà sí i lára, ibi tí orí ọmọ bá dé ló ń sọ iye hóró tó máa lò. Bí ọmọ ò bá jẹun kó tó lò ó, inú á máa rún un, òòyì á kọ́ ọ, á sì bì. Àwọn ìyá gbé ìkòkò ìrẹsì kaná kí a tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí àwọn tó gba ìtọ̀, tí wọ́n gba àbájáde, tí wọ́n sì lọ láìfi hóró oògùn kan sílẹ̀. Ẹ má bá wọn ṣe irú ẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, a tún yẹ àwọn ọmọ náà wò, ẹyin sì ti padà sínú ìtọ̀ àwọn kan. Bàbá ní aràn tó ti dàgbà ni praziquantel ń pa, agbára rẹ̀ ò ká èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ara, nítorí náà kí n wo bóyá àwọn ọmọdé aràn ló dàgbà. Màmá ní, "Lọ jókòó sétí omi."

Èmi àti ọmọbìnrin abúlé kan tó mọ gbogbo èèyàn ibẹ̀ la jọ jókòó sí ebúté pẹ̀lú ìwé àjákọ. Ta ló wọ omi? Aago mélòó? Kí ló wá ṣe? Ṣé omi mù ún dé ọrùn ẹsẹ̀ ni, àbí orúnkún, àbí àyà? Báwo ló ṣe pẹ́ tó? Iṣẹ́ tó ń súni ni. Oòrùn ń pa wá, àwọn ọmọ ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, ewúrẹ́ jẹ ewé ìwé wa nígbà kan. Òun ló wá di orí tó dára jù nínú iṣẹ́ mi.

Apẹja ni ojú gbogbo ayé máa ń wò tí wọ́n bá ti dárúkọ àìsàn yìí. Ní ebúté tiwa, àfẹ̀mọ́júmọ́ ni àwọn apẹja ń jáde, púpọ̀ nínú wọn ò sì kúrò nínú ọkọ̀. Àwọn ọmọ aràn tí ìgbín ń tú sómi kì í pọ̀ lásìkò yẹn. Ọ̀sán gangan, tí oòrùn bá mú, ni Bulinus ń tú wọn jáde jù. Ta ló wá wà nínú omi lọ́sàn-án gangan? Àwọn ọmọ tí a fún ní oògùn ni, pẹ̀lú aṣọ ilé ìwé lọ́rùn àti kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́. Bòrèhóòlù ilé ìwé ti bàjẹ́, àkókò ìsinmi ọ̀sán ni wọ́n sì ń rán wọn lọ pọnmi. Omi etídò ò mọ́, nítorí náà wọ́n á wọ̀ ọ́ títí tó fi mù wọ́n dé itan kí wọ́n tó ri kẹ́ẹ̀gì. Nínú ìwé ìbéèrè, àwọn olùkọ́ ti mú "bẹ́ẹ̀ ni" níbi tí a ti bi wọ́n pé ṣé wọ́n ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọ kí wọ́n má wọ odò. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Wọ́n ń kìlọ̀ pé kí wọ́n má lúwẹ̀ẹ́. Pípọn omi ò sí lára ohun tí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ń kà sí wíwọ odò.

Bó bá jẹ́ ẹyin nìkan ni mo kà, màá kọ ọ́ pé oògùn ò ṣiṣẹ́ tó. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni mo gbà, màá kọ ọ́ pé àwọn olùkọ́ ń ṣe ojúṣe wọn. Ibi tí méjèèjì ti takò ara wọn ni mo ti rí ohun tí mo wá. Ọ̀gá ilé ìwé gbọ́ àlàyé, wọ́n ní kí pípọn omi bọ́ sí kùtùkùtù, kí àwọn ọmọ tó tò lórí ìlà. Kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìyẹn dín àìsàn náà kù, torí ọ̀nà tí mo gbà ṣèwádìí ò lè gbé irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀, mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé mi.

Ẹni tí mo ń wò bí àwòkọ́ṣe nínú irú iṣẹ́ yìí ni Aklilu Lemma, ọmọ Ethiopia. Lọ́dún 1964, ó ń wá ìgbín tó ń gbé irú àìsàn yìí kiri ní Adwa, ó sì ṣàkíyèsí pé òkú ìgbín pọ̀ nísàlẹ̀ ibi tí àwọn obìnrin ti ń fọṣọ. Èso ewéko kan tó ń jẹ́ endod ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ. Ó kó o wọ yàrá àyẹ̀wò, ó sì rí i pé endod náà ló ń pa wọ́n. Ẹni tó bá rò pé aṣọ fífọ̀ kì í ṣe ohun tó yẹ kí onísáyẹ́ǹsì dúró wò á gba ẹ̀gbẹ́ òkú ìgbín wọ̀nyẹn kọjá ni.

Apá àwọn obìnrin ló ṣòro jù fún mi láti kọ. Ẹyin tó yẹ kó bá ìtọ̀ jáde lè há sí ojú ara obìnrin tàbí ọrùn ilé ọmọ, kó dá egbò síbẹ̀. Ibẹ̀ á máa yún un, ẹ̀jẹ̀ á máa yọ, ó sì lè má jẹ́ kó tètè lóyún. Ewu pé HIV á ràn án tún lè pọ̀ sí i. Gbogbo àmì yìí jọ ti àrùn ìbálòpọ̀, ohun tí oníkẹ́míìsì sì máa ń kà á sí nìyẹn. Nínú ìwé ìbéèrè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí obìnrin tó gbà pé òun ní irú ìnira bẹ́ẹ̀. Inú àgbàlá la ti ń bi wọ́n, ìyá ọkọ sì ń lọ, ó ń bọ̀. Bí èèyàn bá tẹ́ ìṣirò yẹn síwájú ìgbìmọ̀, á dára lójú: àìsàn náà ò sí níbẹ̀.

Ìdí ààrò ni ọ̀rọ̀ ti jáde. Mo ń bá wọn ha ìpẹ́ ẹpìyà, wọ́n ń tò ó sórí wáyà láti yan án, èéfín bo gbogbo wa, kò sẹ́ni tó ń wojú ẹnì kejì. Ìyá àgbàlagbà kan kàn sọ ọ́ ni, bí ẹni ń sọ iye tí wọ́n ń ta ẹja, pé láti ìgbà òun ti wà lọ́mọge ni nǹkan ti ń yún òun, pé ọkọ òun ìgbà náà ní òun kó àtọ̀sí wọlé, òun sì gba abẹ́rẹ́ títí ó fi sú òun. Ẹnì kan lódìkejì ààrò ní, "Ẹ̀yin náà?" Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀kan ń gbà á lẹ́nu èkejì.

Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wà nínú báàgì mi. Wọn ò tíì yọ̀ǹda, wọn ò buwọ́ lu nǹkan kan. Mi ò kọ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Màmá ní kí n padà sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀, kí n gbàṣẹ fún apá tuntun nínú iṣẹ́ náà. Ó pẹ́, Bàbá sì ń kanra pé iṣẹ́ mi á falẹ̀. Mo padà lọ pẹ̀lú ìwé tuntun, díẹ̀ nínú wọn sì tún un sọ. Ìyá tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ yẹn ní òun ò sọ nǹkan kan o. Tiwọn ò sí nínú ìwé mi, bẹ́ẹ̀ sì ni bí mo ṣe sọ ọ́ níbí yìí kọ́ ló rí gẹ́lẹ́. Mo ti yí ohun tó yẹ kí n yí.

Ní ti owó àti iná, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀, gbogbo ẹni tó ti ṣe PhD nílẹ̀ yìí ló mọ̀ ọ́n. Nígbà ìyanṣẹ́lódì 2022, láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá, ìgbín tí mo ń sìn nínú yàrá àyẹ̀wò kú tán. Asẹ́ tí a fi ń sẹ́ ìtọ̀, dọ́là ni wọ́n fi ń tà á. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ ní 2023, fífọ̀ la ń fọ èyí tí a ti lò, a ó sì wo ọ̀kọ̀ọ̀kan lábẹ́ máíkíróskóòpù kó má baà ku ẹyin ẹlòmíràn síbẹ̀. Apá ọ̀rọ̀ ẹnu ò gbà ju owó ọ̀kadà, bátìrì àti ẹja tí mo bá rà bọ̀ wálé.

Níbi ìdánwò ojúkojú, ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n pè láti yunifásítì mìíràn ṣí ìwé mi síwá sẹ́yìn, wọ́n ní, "Ẹ̀ka wo gan-an lo wà, ìwọ ọmọ yìí?" Mo ní Abẹ́òkúta ni mo ti ń bọ̀, sà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, mo sì ṣàlàyé. Lọ́dún 1954 ni Thomas Adeoye Lambo, dókítà àìsàn ọpọlọ tó jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò Aró ní ìlú náà, níbi tí àwọn aláìsàn ọpọlọ àti ẹbí wọn ti ń gbé láàárín àwọn ará abúlé, tí wọ́n sì ń gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn lọ́sàn-án. Nígbà tó di 1961, òun àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell kó àwọn dókítà àti onímọ̀ àwùjọ jọ, wọ́n wọ àwọn abúlé lọ, wọ́n ń bi àwọn èèyàn léèrè ohun tí wọ́n kà sí àìsàn ọpọlọ àti bó ṣe ń ṣe wọ́n. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1963. Bí wọ́n bá dúró sínú ẹ̀ka kan ṣoṣo, iṣẹ́ yẹn ò ní ṣeé ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà mi orí. Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e dá lórí bí mo ṣe ṣírò ẹyin.

Oyè dé ọwọ́ tán, ìṣòro tó kù ni iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìpolongo iṣẹ́ olùkọ́ máa ń béèrè pé kí oyè àkọ́kọ́, èkejì àti ẹ̀kẹta jẹ́ ti ẹ̀ka kan náà, èmi ò sì ní irú ẹ̀. Ètò CARTA, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, tí Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Obafemi Awolowo wà lára rẹ̀, máa ń kó àwọn tó ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé láti oríṣiríṣi ẹ̀ka jọ sójú kan lórí ọ̀rọ̀ ìlera. Ọ̀rẹ́ mi kan wà níbẹ̀. Kí n sọ tòótọ́, mo jowú rẹ̀, torí ó ní àwọn tó lè bá sọ̀rọ̀ láìkọ́kọ́ ṣàlàyé ara rẹ̀.

Apá ẹyin àti wíwọ omi ti jáde nínú jọ́nà kan. Apá àwọn obìnrin ṣì wà lọ́wọ́ jọ́nà mìíràn. Ọ̀kan nínú àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò ní kí n yọ ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin kúrò, kí n fi ìṣirò nìkan sílẹ̀, torí àwọn obìnrin náà ò pọ̀ tó. Èkejì ní ìṣirò gan-an ló yẹ kí n yọ. Mo fi ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ránṣẹ́ sí Bàbá àti Màmá lórí WhatsApp. Màmá fi ẹ̀rín ránṣẹ́. Bàbá kọ̀wé pé, "Má yọ ọ̀kankan." Mo ti dá a padà fún wọn bó ṣe wà, pẹ̀lú àlàyé ojú ìwé méjì.